Filgrastim láti kẹ́mísì kan n'Íbàdàn: fìríìsà ló kọ́kọ́ bí mi nínú

Inú fìríìsà lọmọbìnrin orí káńtà ti fa filgrastim jáde, abẹ́rẹ́ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ). Yìnyín gbá páálí ẹ̀ mú, ó wá ń gbọ̀n ọ́n bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí yìnyín lè já. "Ẹ má bínú mà, torí NEPA la ṣe ń kó o síbẹ̀." Háà! Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ká má gbọ̀n!

Àárín fíríìjì, 2 sí 8 Celsius, ni àyè filgrastim. Èyí tó bá dì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, dídànù ni. Iná Ìbàdàn ń lọ, ń bọ̀. Ta ló lè ka iye ìgbà tí tinú fìríìsà yẹn ti dì, tó yọ́, tó tún dì? Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà.

Ibẹ̀ ni apòògùn wọn ti jáde. Bàbá náà ò wá àwáwí. Wọ́n mú òmíràn nínú fíríìjì tó ní tẹmómítà, orí 5 ló dúró sí, wọ́n wá béèrè ohun tí n kò retí lẹ́nu ọlọ́jà: "Aago mélòó ni kímò parí?" Mo ní mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná. "Kí wọ́n má gún un kó tó di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ó kéré tán. Ìwé dókítà ńkọ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín ni kímò ń pa. Filgrastim sì ń ti mùdùnmúdùn eegun pé kó máa pín. Bí méjèèjì bá pàdé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ń kú. Wákàtí 24 yẹn, ìgbà tó yá jù ni, kì í ṣe pé dandan ni kí wọ́n gún un gbàrà tó bá pé. Nínú AML (irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan), dókítà mìíràn á kọ́kọ́ fa mùdùnmúdùn wò, kó rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti tán, torí abẹ́rẹ́ yìí ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó jáde, ó sì lè da ojú ẹni tó ń wo máíkírósíkóòpù rú.

Ìwọ̀n ẹ̀ ni 5 mcg (máíkírógíráàmù) fún kílò ara kan lójúmọ́: ẹni 60 kílò gba 300, ìgò kan gẹ́lẹ́, sábẹ́ awọ. Eegun ìdí àti ẹ̀yìn á máa ro. Parasitamọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ibuprofen, torí plátẹ́léẹ̀tì, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ti lọlẹ̀ (filgrastim ò sì lè gbé ìyẹn ró, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀). Ẹ fi tẹmómítà wọn ara kí ẹ tó lo parasitamọ́ọ̀lù, torí ó ń bo ibà mọ́lẹ̀. Bó bá pé 38, ọsibítù ló kàn, ì báà jẹ́ òru. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá fò sókè lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró. Yóò tún wálẹ̀.

Bàbá gbé páálí sínú kúlà oníyìnyín kí gósiló Ìwó Road má bàa sè é, wọ́n sì fi tówẹ̀lì yà á kúrò lára yìnyín kó má bàa dì. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Nígbà tí mo ń jáde, àwọn ìyókù ṣì wà nínú fìríìsà.