Àwo Ọjọ́ Alẹ́ Àwọn Àgbà Onímétàlì: Èyí Tí Ìyìn Tọ́ Sí, Àti Èyí Tó Ń Fẹ́ Àdá

Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ olórin métàlì (heavy metal, orin gìtá líle aláriwo) àtijọ́ kan bá ti gbé àwo tuntun jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ wọn: wọ́n á ní irú rẹ̀ ò jáde mọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Iron Maiden gbé Senjutsu jáde ní 2021. Wọ́n sọ ọ́ nípa 72 Seasons ti Metallica ní 2023, wọ́n sì tún un sọ nípa Invincible Shield ti Judas Priest ní 2024. Ní tèmi, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni gbogbo ìyìn yẹn tọ́ sí. Àwo tó dáa wà nínú méjì yòókù lóòótọ́, àmọ́ ẹ ní láti fúnra yín gé e jáde, màá sì sọ ibi tí ẹ ó ti gé e gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹjọ́ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀. Rob Halford tó ń kọrin fún Judas Priest ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tí Invincible Shield jáde, ohùn rẹ̀ sì ń ya nínú àwo náà bí ẹni pé kò gbọ́ pé òun ti dàgbà. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń ba àwọn àwo wọ̀nyí jẹ́. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ni pé kò sí ẹni tó lè wo àwọn bàbá yìí lójú kó sọ pé, "Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀ yẹn, ó ti tó." Láyé rẹ́kọ́ọ̀dù, rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn sọ ọ́. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù kì í fẹ́ gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Tí ẹ bá ti rọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀, ilà inú rẹ̀ á fún mọ́ra, ohùn á rẹlẹ̀, béèsì á sì rọ. British Steel tí Judas Priest ṣe ní 1980 kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 36 lọ, kò sì sí orin kan nínú rẹ̀ tó ń rìn gbéregbère. CD dé, ó gba ìṣẹ́jú 74, nígbà tó yá ó gba 80. Íntánẹ́ẹ̀tì dé, ògiri wó pátápátá.

Kì í ṣe orin gígùn ni mo ń bá jà o. Etí Yorùbá kì í bẹ̀rù orin gígùn. Olóyè Ebenezer Obey àti King Sunny Adé máa ń fi orin kan kún ojú rẹ́kọ́ọ̀dù láìdánu dúró, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ọ lóde ìnáwó ní Sábó níbí kò ní béèrè ìgbà tó máa tán. Ìdí ni pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀: gángan á fèsì, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin, ìlù á yí ẹsẹ̀ padà, wọ́n á já sínú orin mìíràn láìjẹ́ kí ijó dúró. Ìbéèrè tó yẹ ká bi orin métàlì oníṣẹ́jú 12 náà nìyẹn: láti ìṣẹ́jú kẹta títí dé ìkẹjọ, kí ló yí padà?

Ẹ wá fi ìbéèrè yẹn sọ́dọ̀ Senjutsu. Orin 10 ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 81 àti ìṣẹ́jú àáyá 53 ni gbogbo rẹ̀, CD méjì ni wọ́n sì fi gbé e. Paris ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 2019, Kevin Shirley ló darí iṣẹ́ náà, Steve Harris tó ń ta béèsì sì bá a dá sí i. Harris yìí nìkan ló kọ mẹ́rin nínú àwọn orin náà: "Lost in a Lost World", "Death of the Celts", "The Parchment" àti "Hell on Earth". Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 44, ó ju ìdajì àwo lọ. Ọ̀nà kan náà ló sì gbà bẹ̀rẹ̀ wọn: gìtá tàbí béèsì á kọ́kọ́ máa dún jẹ́jẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ á wá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ta sólò (ibi tí gìtá kan ti ń dá sọ̀rọ̀) lọ títí, lẹ́yìn náà wọ́n sábà máa ń padà síbi jẹ́jẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló tò tẹ̀lé ara wọn níparí àwo. Kò sí bí etí ò ṣe ní rẹ ènìyàn.

Nǹkan kejì tó ń dun mí nínú àwo yìí wà nínú "Stratego". Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ. Lábẹ́ ohùn Bruce Dickinson tó ń kọrin fún wọn, dùrù kan wà tó ń tẹ ohùn kan náà tí ẹnu rẹ̀ ń kọ, ìró kan ò yàtọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n tọ́jú fún jẹjẹrẹ ahọ́n ní 2015, tó padà wá kọrin báyìí, kò nílò ọ̀pá ìtìlẹ̀. Dùrù yẹn ń bo àwọn ibi tó ti ń fa ohùn, tó sì ń fi ohùn dárà. Ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ kó dá kọ, bíi nínú "The Writing on the Wall" tí òun àti Adrian Smith onígìtá jọ kọ, ibẹ̀ lẹ mọ̀ pé Iron Maiden ṣì wà láàyè. Sólò tí Smith ta nínú orin náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó gòkè, kò sì sáré débi tí ẹnikẹ́ni ò fi ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ yọ "Lost in a Lost World", "The Time Machine" àti "Death of the Celts" kúrò. Ìṣẹ́jú 27 géérégé ló lọ yẹn. Ohun tó kù jẹ́ ìṣẹ́jú 54 àti ìṣẹ́jú àáyá 53, àwo tó dúró dáadáa. Àwọn kan á ní kí n gé "The Parchment" náà torí ó gùn jù gbogbo wọn lọ, ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mi ò ní gé e. Riff rẹ̀, ìyẹn ègé gìtá tí wọ́n ń ta ní àtúntà, ń wọ́ lọ bí ọba tó ń jáde láàfin, tó bá sì wá kù díẹ̀ kó parí, ìlù á yára lójijì, gbogbo ìwọ́ yẹn á wá ní ìdí. "Hell on Earth" ni kó kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an. Òun ló dára jù nínú àwo náà, kò sì sí ohun tó yẹ kí wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Judas Priest kò ní kí ẹ gbé àdá. Orin 11 ló wà nínú Invincible Shield, nǹkan bí ìṣẹ́jú 52, èyí tó gùn jù nínú wọn kò sì tó ìṣẹ́jú méje. Andy Sneap ló ṣe producer rẹ̀, ẹni tó tún ń ta gìtá pẹ̀lú wọn lórí ìtàgé láti 2018, nígbà tí àrùn Parkinson kò jẹ́ kí Glenn Tipton onígìtá wọn lè máa bá wọn rìnrìn-àjò mọ́. Ẹ gbọ́ "Panic Attack" tó ṣílẹ̀kùn: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá oní-synth (tí ẹ̀rọ ń yí ìró rẹ̀ padà) irú èyí tí wọ́n lò nínú àwo wọn Turbo ní 1986, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bú wọn fún nígbà náà, wọ́n sì fi sọ orin líle tí kò sí ẹni tó lè bú. Orin tó fún àwo lórúkọ, ìlù Scott Travis ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lù ú lábẹ́, Richie Faulkner sì ń ta gìtá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Faulkner yìí kan náà ni òpó ẹ̀jẹ̀ àyà rẹ̀ bẹ́ lórí ìtàgé ní 2021. "Crown of Horns" rọra ń lọ, ègbè rẹ̀ sì rọrùn débi pé ẹni tí kò fẹ́ràn métàlì á bá a gbè é.

Àléébù kan tí mo rí ni ìró ìlù ẹsẹ̀. Ó mọ́ jù. Bó ṣe ń dún ní orin kìíní náà ló ń dún ní ìkọkànlá, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti wúwo ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì máa fura sí i kíákíá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé wọ́n kàn ní oríire ni. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ṣe Nostradamus ní 2008, CD méjì, ó ju ìṣẹ́jú 100 lọ, ó sì sú ènìyàn kí CD kìíní tó tán. Wọ́n kọ́gbọ́n níbẹ̀. Firepower ti 2018, tí Sneap àti Tom Allom tó darí British Steel jọ ṣe, ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ.

72 Seasons wá ńkọ́? Orúkọ àwo náà ni ọdún 18 àkọ́kọ́ nínú ayé ènìyàn, ìgbà mẹ́rin lọ́dún kọ̀ọ̀kan. James Hetfield, olórin wọn, kọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sí i nípa ohun tí ọmọdé ń gbé dàgbà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dáa ju orin lọ. Orin 12, ìṣẹ́jú 77 àti àáyá 10. Àárín rẹ̀ ló rọ̀: "Sleepwalk My Life Away", "You Must Burn!", "Crown of Barbed Wire", "Chasing Light" àti "If Darkness Had a Son". Gbogbo wọn ń rìn ìrìn kan náà, kì í yára, kì í falẹ̀ tó bó ṣe yẹ, riff kọ̀ọ̀kan sì ń padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ ti gbọ́ ọ yé. Sólò Kirk Hammett onígìtá wọn pàápàá, wah-wah (ẹ̀rọ ẹsẹ̀ tó ń mú kí gìtá dún bí ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé) ló ń tẹ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ ò ní lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ yọ márùn-ún yẹn. Ìṣẹ́jú 44 àti àáyá kan ló kù, ó sì wọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan pẹ́kípẹ́kí. Ojú kìíní: "72 Seasons", "Shadows Follow", "Screaming Suicide", "Lux Æterna", ìṣẹ́jú 22 àti àáyá 43. Ojú kejì: "Too Far Gone?", "Room of Mirrors", "Inamorata", ìṣẹ́jú 21 àti àáyá 18. Ẹ ò ní láti yí wọn sípò padà. "Inamorata" gùn tó ìṣẹ́jú 11, òun ló gùn jù nínú gbogbo orin tí Metallica fúnra wọn kọ sínú àwo, àmọ́ ó dáhùn ìbéèrè wa. Ní àárín rẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́, béèsì Robert Trujillo nìkan ló kù tó ń rìn nínú òkùnkùn, gìtá á wá máa padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n gbé àwo oníṣẹ́jú 44 yẹn jáde, ǹ bá bá wọn yọ ayọ̀ kíkún.

Ọ̀rọ̀ ìró àwo náà ṣe pàtàkì, torí ìyìn àwo mìíràn máa ń ti ibi tí ariwo rẹ̀ ga dé. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe mastering, ìyẹn iṣẹ́ àṣekẹ́yìn lórí ìró àwo, wọ́n lè tẹ ibi tó ga mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀. Àwo á pariwo, àmọ́ ìlù ò ní gbá àyà mọ́, torí ìyàtọ̀ láàárín ìdákẹ́jẹ́ àti ìlù ló ń jẹ́ kó gbá àyà. Death Magnetic ti Metallica ní 2008 ni àpẹẹrẹ tó burú jù: ohùn rẹ̀ ń fọ́ ní gbangba, àwọn olólùfẹ́ sì kọ̀wé ẹ̀hónú, torí àwọn orin kan náà tó wà nínú géèmù Guitar Hero kò fọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lórí Spotify, ẹ wọ settings kí ẹ tan audio normalization. Ohùn gbogbo àwo á wá dọ́gba. Ẹ fi orin kan láti inú British Steel sílẹ̀, kí ẹ sì fi ti Death Magnetic tẹ̀lé e. Èyí tí ẹ ti rò pé ó lágbára jù ló máa rọ. Ẹ má fi sípíkà Bluetooth kékeré dán an wò: gìtá mẹ́ta ni Iron Maiden ń ta, wọ́n pín wọn sọ́tùn-ún sósì, sípíkà kan ṣoṣo á sì rọ́ wọn pọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún nítòsí, béèsì ló máa ń kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀, ẹ ó wá máa rò pé àwo ni kò ní béèsì. Íápíìsì oníwáyà tó wọ etí dáadáa ló dáa jù. Ní 320 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan), Senjutsu odindi á jẹ nǹkan bí 197 MB dátà, 72 Seasons á jẹ 185. Tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 96, ó ṣẹ́kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, àmọ́ ìró abọ́ idẹ ìlù á máa ṣe ṣíṣì bí òjò lórí páànù. Ẹ wa orin náà sílẹ̀ nílé kí ẹ tó wọ BRT lọ sí Mile 12.

Ó ku àwo kan tí mi ò tíì dárúkọ: 13 ti Black Sabbath, tó jáde ní 2013. Rick Rubin ló darí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n padà lọ gbọ́ àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1970. Wọ́n gbọ́ràn jù. "End of the Beginning" tẹ̀lé ipasẹ̀ orin àkọ́kọ́ wọn ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, òjò, àrá àti agogo tó ṣílẹ̀kùn 1970 náà ló ti ilẹ̀kùn 13. Bill Ward, onílù wọn àtijọ́, kò sí níbẹ̀. Brad Wilk lu ìlù rẹ̀ láìṣìṣe, àmọ́ kò ní ìrìn jáàsì tí Ward fi ń gba abẹ́ gìtá Tony Iommi kọjá. Iommi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ nígbà náà, síbẹ̀ gìtá rẹ̀ ni kò ní àbùkù kankan nínú àwo náà. Ẹ gbọ́ "God Is Dead?", kí ẹ sì gbọ́ "Damaged Soul" lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí Ozzy Osbourne, olórin wọn, ti ń fun hàmóníkà. "Zeitgeist" ni kí ẹ fò. "Planet Caravan" ti 1970 ló fẹ́ dà, ẹ kúkú lọ gbọ́ ìyẹn.