Oúnjẹ ajá àgbà tí wọ́n ní ó ń tún oríkèé ṣe: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù

“Ẹ máa fún un ní ìlọ́po méjì, Mọ́mì. Oògùn inú ẹ̀ náà á di méjì nìyẹn.”

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ajá kan níbí n'Ìbàdàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ eléyìí. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, n kò sì ní dárúkọ oúnjẹ náà, torí irú ẹ̀ kún ọjà: àpò kílò 15 tó ń ti òkè òkun wá, tí wọ́n ya ajá arúgbó tó ń fo ògiri sí níwájú, tí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé glucosamine àti chondroitin, èròjà tí wọ́n ní ó ń tún oríkèé ṣe, wà nínú ẹ̀. Ti ẹran, ti ìrẹsì àti fítámì, ẹ lè ka ìyẹn fúnra yín lára àpò.

Ajá mi, Tanímọ̀la, Alsatian ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti sin Alsatian rí mọ̀ pé ìbàdí ni wàhálà ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí eegun itan kì í jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, tí ọjọ́ orí bá wá dé, làkúrègbé á gba ibẹ̀ wọlé. Bí Tani bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, á dúró, á wò mí, kó tó wọ́ tẹ̀yìn tẹ̀lé e. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ti dà bí Olúmọ lójú ẹ̀.

Owó àpò kan ju ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ. Mo san án. Ìgbà tí mo délé, mo gbé awò ojú mi sí i, mo ka ẹ̀yìn àpò: glucosamine, ó kéré tán 400 mílígíráàmù nínú kílò kan. Àmì ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wá ìràwọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé ìlànà AAFCO, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń la ìlànà oúnjẹ ẹran sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, kò ka nǹkan yìí mọ́ ohun tí ajá kò lè ṣe aláìjẹ. Ohun tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá polongo níwájú, wọ́n ti rọra sẹ́ ẹ lẹ́yìn.

350 gíráàmù ni Tani ń jẹ lóòjọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 140 mílígíráàmù ló ń wọ inú ẹ̀. Oògùn oríkèé oníhóró tí wọ́n ń tà fún ajá tó tóbi tó o, 1,000 sókè ni wọ́n sábà máa ń ní kó lò lójúmọ́. Kí oúnjẹ yìí nìkan tó lè fún un ní 1,000, àfi kó jẹ kílò méjì ààbọ̀ lóòjọ́. Àpò kan á tán ní ọjọ́ mẹ́fà, ajá náà lè tán tẹ̀lé e.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, mo ti Tani sínú mọ́tò, mo gbé àpò padà lọ. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ń to rìsíìtì POS. Ó kí mi dáadáa, kò hùwà àìdáa rárá. Mo bi í pé glucosamine tó wà nínú oúnjẹ yìí ṣé ó tó ajá mi. Ó yí àpò sí iwájú, ó fi ìka kan ajá tó ń fo ògiri. “Mọ́mì, ẹ ò rí bó ṣe ń fò ni?” Mo ní ajá inú àwòrán kọ́ ni mò ń bọ́. Ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀.

Ọ̀gá jáde, bírò lẹ́yìn etí, orúkọ oúnjẹ náà gbàràmù láyà ẹ̀wù ẹ̀. Mo ṣàlàyé látòkè délẹ̀, mo fi ìṣirò inú fóònù hàn án. Kò wo fóònù, kò wo àpò. Èmi ló ń wò, irú ìwò tí wọ́n ń wo màmá tó fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ láàárọ̀. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì.

Ìlọ́po méjì 140, 280 ni, kò tíì dé ibì kankan! Èyí tó dùn mí jù ni pé sísanra gan-an ló ń pa oríkèé ajá. Ìwádìí kan wà tí Purina, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ajá, ṣe, wọ́n gbé e jáde ní 2002: ajá Labrador 48, wọ́n fún ìdajì wọn ní oúnjẹ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ìdajì kejì. Àwọn tó jẹ díẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, làkúrègbé sì pẹ́ kó tó mú wọn. Ọkùnrin yìí wá ní kí n bu kún un. Mo sọ̀rọ̀ débi pé àwọn tó wá ra ilé ẹyẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ariwo mi ló gbé dókítà jáde. Dókítà ẹran kan máa ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ní Sátidé-Sátidé, ọmọdébìnrin ni lójú tèmi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ajá náà dà?” Òun fúnra ẹ̀ ló bá mi lọ sídìí mọ́tò. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Tani lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Tani kùn lẹ́ẹ̀kan, dókítà dáwọ́ dúró kíá, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, bàbá, má bínú.” Ajá ló ń bẹ̀ o! Ibẹ̀ ni ara mi ti rọ̀.

Ó gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 41. Ó ní 34 ló yẹ kó jẹ́. Ó béèrè ohun mìíràn tó ń jẹ, mo ní bàbá àwọn ọmọ máa ń ju òkèlè ẹ̀bà fún un lálẹ́. “Ẹ bá mi kí Dádì, mà, ẹ ní ẹ̀bà ti tán.” Mo ti mú ike oògùn glucosamine kan lórí pẹpẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà síbi tó wà, ọ̀gá ẹ̀ sì ń wò ó! Ó ní ní 2022 àwọn olùwádìí kan ní Montréal kó gbogbo ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò rí i pé glucosamine àti chondroitin ń dín ìrora ajá kù. Epo ẹja ni wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Epo ẹja sì wà nínú àpò tí mò ń fà lọ fà bọ̀, lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi kọ òun náà.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ Tani fún àyẹ̀wò. Nígbà tó rí i pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ dáa ló tó fún un ní carprofen, oògùn ìrora ajá. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fún ajá ní ibuprofen tiwa láé, torí ó lè dá egbò sínú ikùn ẹ̀, kó sì ba kíndìnrín jẹ́.

Tani ti fọn báyìí, ó ń gun àtẹ̀gùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣé oúnjẹ ni àbí carprofen, àbí ẹ̀bà tó tán? N kò lè búra fún oúnjẹ náà. Irun ẹ̀ ń dán ṣá, ó sì ń lá abọ́ débi pé abọ́ ń rìn kiri. Hóró ẹ̀ le jù fún ajá tí eyín ẹ̀ ti ń já bọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń rẹ ẹ́, òórùn ẹja á sì gba gbogbo kíṣìnì. Síìpù àpò náà já lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, bẹ́ẹ̀ epo ẹja kò fẹ́ atẹ́gùn, kíákíá ló ń kan. Kílípù tí mo fi ń sá aṣọ ni mo fi ń pa á dé. Owó yẹn, síìpù kò yẹ kó já.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti ra àpò kejì. Tí ẹ bá ń lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí dókítà ń wá.