Lọ́tìrì PancakeSwap: nọ́ńbà mọ́, ta ló wá di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mú?

Eddie Tipton, ọ̀gá ètò ààbò kọ̀ǹpútà fún àjọ lọ́tìrì kan ní Amẹ́ríkà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ki kóòdù bọ inú ẹ̀rọ tó ń yan nọ́ńbà, kó lè mọ èyí tó máa jáde ṣáájú. Ihò yẹn gan-an ni ẹ̀dà kejì lọ́tìrì PancakeSwap (ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó kírípítò), tó jáde ní 2021 lórí BNB Chain (blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn lè yẹ̀ wò), dí pa. Ìgbà tí títà tíkẹ́ẹ̀tì bá parí ni kóòdù tó béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ Chainlink VRF, ètò ilé iṣẹ́ míì tó ń yan nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú. Nọ́ńbà náà máa ń bá ẹ̀rí ìṣirò wá. Bí ẹ̀rí yẹn kò bá yè, wọn ò ní gbà á wọlé. Ibí yìí dára gan-an.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan tó nǹkan bíi dọ́là 5, CAKE, owó kírípítò PancakeSwap, lẹ ó fi san. Ẹ ní BNB, owó kírípítò BNB Chain, díẹ̀ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò owó kírípítò yín) fún owó iṣẹ́, torí láìsí i, ẹ ò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì lè gba ẹ̀bùn tẹ́ ẹ bá jẹ.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nìyí: láti apá òsì ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ibi tí èyí àkọ́kọ́ tí kò bá mu bá wà ni kíkà ti dúró. Bí 482915 bá jáde, ẹni tó ní 482715 jẹ nọ́ńbà mẹ́ta péré. Ẹni tó ní 182915 ò jẹ nǹkan kan, bí márùn-ún tó kẹ́yìn tiẹ̀ bá a mu. Ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Ìdá 2 nínú 100 owó ìdíje náà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbogbo irú wọn. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì 1,000 ló tà, dọ́là 5,000 lowó; dọ́là 100 ni nǹkan bí èèyàn 90 máa pín. Dọ́là kan àti díẹ̀ ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 5!

Ẹ lè yẹ èsì wò fúnra yín lórí BscScan, ìkànnì tó ń fi àkọsílẹ̀ BNB Chain hàn, níbi tí wọ́n kọ viewLottery sí nínú kóòdù lọ́tìrì náà. Ẹ má bẹ̀rù bẹ́ ẹ bá rí 1519284 dípò 482915: kóòdù máa ń fi 1 síwájú, á sì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn.

Àléébù tó dùn wá jù wà níbi owó tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. Ẹni tó ń darí kóòdù ló ń yàn, lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, bóyá owó yẹn máa wọ ìdíje tó kàn tàbí kó lọ sí àpò ilé iṣẹ́. Ìdá 20 nínú 100 owó ìdíje tí wọ́n láwọn máa jó (ìyẹn ni pé wọ́n á pa CAKE náà rẹ́ pátápátá) náà, àpò yẹn ló ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ó yẹ kí wọ́n kọ méjèèjì mọ́ inú kóòdù, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i.