Ímeèlì Ọjà: Ti Hosting Àjùmọ̀lò àbí Google Workspace?

Ẹni tó ń fi proforma ránṣẹ́ láti Balógun tàbí Computer Village, tí oníbàárà sì ń sọ pé “mi ò rí nǹkan kan o”, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wò: ímeèlì ọ̀fẹ́ tó bá hosting (ibi tí wẹ́ẹ́bùsáìtì yín ń gbé) wá, tàbí Google Workspace tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Lórí owó, hosting ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Lílò lórí fóònù, Workspace.

Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá sáfà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ mọ̀, gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lórí hosting àjùmọ̀lò, àìmọye wẹ́ẹ́bùsáìtì ló ń gba orí IP kan náà fi ímeèlì ránṣẹ́. Kí gbájúẹ̀ já wọ wẹ́ẹ́bùsáìtì WordPress ẹnì kan ṣoṣo, kó fi rọ̀jò spam, Spamhaus, àjọ tó ń to orúkọ àwọn IP tó ń fi spam ránṣẹ́, á ka IP náà mọ́ ọ̀daràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ á sì bá wọn jìyà. Ilé face-me-I-face-you ni: ẹnì kan jẹ gbèsè iná, wọ́n gé ti gbogbo ilé. Ímeèlì á padà wá pẹ̀lú kóòdù 550 tàbí 554 (pé wọn ò gbà á), tàbí kó rọra wọ spam, èyí tó burú jù, torí ẹ ò ní mọ̀. Ẹ pe oníhosting, á ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n yọ ọ́ lónìí, ó tún padà wọbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó ọdún kan, ẹ bèèrè IP tí ímeèlì ń gbà jáde, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní check.spamhaus.org.

IP Google náà kì í ṣe tiyín nìkan, àmọ́ ta ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Àìmọye èèyàn ló ń gbabẹ̀ kọ̀wé.

Síbẹ̀, Workspace ò ní ràn yín lọ́wọ́ tí DNS (àkọsílẹ̀ dómeènì yín) bá rí jákujàku. SPF (ìlà tó ń sọ sáfà tó láṣẹ láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ yín) kan ṣoṣo ni dómeènì gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ti Google lé ti cPanel (ojú ìṣàkóso hosting) lórí, méjèèjì á sì bàjẹ́. Ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ fi `v=spf1 include:_spf.google.com ~all` sílẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lẹ DKIM (òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá) oníbíìtì 2048 mọ́ `google._domainkey`, ẹ padà sí Admin Google lọ tẹ “Start authentication”. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé. DMARC (ohun tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ímeèlì tí SPF àti DKIM ò bá yege): `v=DMARC1; p=none` lórí `_dmarc`. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Gmail, ẹ tẹ “Show original”: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ PASS.

Ẹni tó fẹ́ polówó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kó fi méjèèjì sílẹ̀, kó lo Amazon SES tàbí Brevo.

Bó bá jẹ́ pé gbígba ímeèlì nìkan lẹ̀ ń ṣe, hosting tó. Bó bá jẹ́ proforma lẹ fi ń jẹun, ẹ ra Workspace fún ẹnì kan péré. Sales@ àti accounts@ lè wà lábẹ́ rẹ̀ bí alias (àdírẹ́sì àfikún), tó 30, láìsan kọ́bọ̀ sí i.