Ẹ ṣọ́ra o! Pákó arère ni wọ́n fi dán bíìtì wò fún mi, ó dénú ìrókò ó lọ́ bí aṣọ

Ẹ̀yin rewáyà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin kafíńtà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra irinṣẹ́ fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń fa wáyà, mi ò sì rò pé ẹnì kan ṣì lè ta ayédèrú bíìtì, irin tá a máa ń fi sẹ́nu dìrílì láti lu igi, fún mi. Àmọ́ wọ́n tà á fún mi. 38,000 náírà owó mi, kò lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tó fi bàjẹ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan n'Íbàdàn ni mo gbà láti ṣe, irú àwọn ilé tí òkè wọn kì í ṣe dẹ́kìn, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí igi ìrókò. Ìyá tó nilé ní ká yọ gbogbo wáyà àtijọ́ dànù ká fa tuntun gba abẹ́ pákó òkè yẹn, àwọn ò fẹ́ rí páìpù lára ògiri. Igi mọ́kànlá ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ la sì máa lu kí páìpù 20mm lè gbabẹ̀ kọjá. Bíìtì pẹlẹbẹ tí mo máa ń lò fún sílìn ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kò ní pẹ́ kú. Auger ló yẹ ẹ́, èyí tó gùn, tó lọ́ bí okùn, tó ní súkúrù kékeré lẹ́nu, súkúrù yẹn ló máa ń fà á wọnú igi tí ọwọ́ ò fi ní máa ro èèyàn.

Mo wá débi ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, ẹ má bi mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orijínà ni, ti Jámánì ni, ẹ wo orúkọ ẹ̀ lára ẹ̀." Mo ní kó dán an wò. Ó yá a lára! Ó fa pákó kan jáde lábẹ́ káńtà, ó ki bíìtì bọ dìrílì, ó sì lu pákó yẹn jálẹ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀, èérún funfun ń tú jáde, inú mi ń dùn. Funfun! Arère ni pákó yẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi, arère tó jẹ́ pé èèyàn lè fi èékánná ha lápá! Mo rí i pé arère ni o. Mo rí i, mi ò sì rò ó. Ó wá ní òun ò ní fún mi léyìí tóun ti lò, pé tuntun lòun máa fún mi, ló bá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé odidi sẹ́ẹ̀tì kan, bíìtì mẹ́fà, bọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ṣe tiransífà, mo gba ríṣíìtì, mo lọ.

Igi àkọ́kọ́, ó wọlé ó jáde, àmọ́ ó ti ń rú èéfín. Mo rò pé èmi ni mo sáré jù, mo bá dín eré dìrílì kù, mo sì ń fà á jáde léraléra kí èérún lè dànù. Igi kejì, súkúrù ẹnu ẹ̀ kán, mo ń tì í bí ẹni ti mọ́tò. Igi kẹta ni mo gbọ́ kàà! Dìrílì yí mi lọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí títí di òní, nígbà tí màá sì fi wò ó, ọ̀pá ẹ̀ ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi lára ẹ̀. Irin o! Irin tí wọ́n ní Jámánì ló ṣe é! Dìrílì ọ̀hún kì í sì í ṣe tèmi, ọ̀rẹ́ mi ló yá mi, òórùn jíjó ló kù tó ń rùn, 22,000 ni mo fi tún un ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi tó di àkàbà mú ní "Ọ̀gá, ó ti lọ́ o," ìyá onílé gbọ́, wọ́n gòkè wá, wọ́n wo igi wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí?" Ọdún mẹ́rìnlá! Mi ò lè fèsì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé bóyá ìṣó ni mo bá pàdé, tàbí pé ìrókò máa ń ní òkúta nínú. Òótọ́ ni, ìrókò máa ń ní òkúta nínú, mo ti bá a pàdé rí. Àmọ́ ìṣó àti òkúta, ẹnu bíìtì ni wọ́n máa ń jẹ, wọn kì í lọ́ ọ̀pá ẹ̀. Tí ọ̀pá bá lọ́, irin yẹn ló rọ̀. Mo tún fi èékánná ha àwọ̀ góòlù tó wà lára àwọn tó kù, ó ń ṣí, ọ̀dà lásán ni! Orúkọ Jámánì yẹn náà, mo fi sípíríìtì nù ún, ó pa rẹ́.

Mo padà lọ bá a. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ló le, ọjà tẹ́ ẹ ti lò ò ṣe é dá padà." Ó na ìka sí ohun tó wà nísàlẹ̀ ríṣíìtì. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà láyè láti dá ọjà tó ní àléébù padà, mo sì ń kó ìwé mi jọ fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Mo bi í pé pákó wo ló fi dán an wò fún mi, kò dáhùn, kọsitọ́mà míì ló kọjú sí. Arère kan náà ló tún ń fà jáde fún ìyẹn! Lójú mi!

Ní báyìí mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú wọn mọ́, àtẹni tó ń rẹ́rìn-ín àtẹni tó ń búra. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú àjákù igi ìrókò tàbí igi àpá dání láti ilé. Bíìtì tẹ́ ẹ máa sanwó ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi lù ú, kó má kúrò lójú yín lẹ́yìn náà. Ẹ yí i lórí gíláàsì káńtà, tó bá ń jó kò gún. Ẹ ra èyí tí ìdí ẹ̀ ní igun mẹ́fà kó má bàa máa yọ̀ nínú dìrílì. Tó bá jẹ́ 2 by 2 sílìn lẹ fẹ́ lù, pẹlẹbẹ ti tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta auger fún yín. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti máa lu igi òkè, ẹ fi 50mm sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ìṣó pákó má bàa kan wáyà yín.

Ẹnu bíìtì 20mm yẹn ṣì há sínú igi kẹta báyìí. Kafíńtà máa wá gé e jáde lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá sanwó ẹ̀, ìyá onílé sì ti ní àwọn máa jókòó tì wá títí tá a fi máa ṣe tán.