Critical Care fún ehoro tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún: ó dára, àmọ́ ẹ wá oògùn ìrora ṣáájú rẹ̀

Critical Care tí ilé iṣẹ́ Oxbow ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyẹ̀fun ni. Koríko timothy gbígbẹ wà nínú rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń pò ó, sìríńjì la sì fi ń fún ehoro tí kò lè dá jẹun. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì tún un rà. Àmọ́ bí owó ọwọ́ yín kò bá ká ju ohun kan lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn ìrora ni kí ẹ fi rà.

Òwú lorúkọ ehoro wa. Abo ni, ó tó bíi kílò 2, inú ilé ló ń bá wa gbé ní Òkè-Àró. Ó ti ń tu irun àyà ara rẹ̀ fi tẹ́ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí akọ kankan nítòsí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ọmọ wa jẹ. Dókítà ẹranko wá ṣàlàyé fún wa pé àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ gan-an lára abo ehoro tó bá ti lé lọ́dún 3 sí 4, ni a bá ní kí wọ́n kúkú yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀ pa pọ̀. Nígbà tí màmá onílé wa gbọ́, wọ́n ní, "Ìyá Ìbùkún, ehoro lo gbé lọ ṣe ọpẹréṣọ̀n? Ehoro tí àwọn èèyàn ń sun jẹ?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà tẹnu mọ́ jù ni pé, "Màdáámú, ẹ má febi pa á o. Ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ dání wá." Àwa èèyàn, wọ́n á ní ká má jẹun kí wọ́n tó là wá, kí èébì má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ehoro kì í bì rárá, ara rẹ̀ kò lè ṣe é. Ohun tó ń pa á ni kí ìfun rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí kò bá jẹun fún bíi wákàtí 12, ìfun á máa falẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú, inú á máa ro ó, ìrora yẹn ni kò sì ní jẹ́ kó fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Ibi tí ìyẹ̀fun yìí ti wúlò nìyẹn.

Ìwọ̀n ìyẹ̀fun kan sí ìwọ̀n omi méjì ni. Ó máa ń kúnná, àmọ́ sìríńjì kékeré kò gbà á, ṣe ló ń dí. Ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ehoro, ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, kí ẹ ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, lẹ́yìn eyín iwájú, díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró kó jẹ ẹ́ mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Kì í ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ lágbo, tí wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ tí wọ́n á fọwọ́ dí i nímú! Bó bá gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò tọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ tètè nu èyí tó bá kán sí i lágbọ̀n, torí bó bá gbẹ, ó máa ń le koránkorán mọ́ irun. Olóòórùn ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo rà. Ìbùkún fẹ́ tọ́ ọ wò, mo ní kó jìnnà síbẹ̀.

Owó rẹ̀ ni mo fi yọ ìràwọ̀ kan. Iye tí mo san á ra odidi àpò fíìdì ehoro, ṣéńjì á sì kù. Ṣíbí ìjẹun 3 lójoojúmọ́ fún kílò kan ni wọ́n kọ, tí a ó pín sí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà. Ti Òwú jẹ́ ṣíbí 6 nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé páálí gíráàmù 141 kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tán bó bá jẹ́ òun nìkan ni yóò máa jẹ. Èyí tí ẹ bá ti pò kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ nínú fíríìjì, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe rí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó.

Lálẹ́ tí a gbé e délé, ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ó káwọ́ jọ sí igun kan, ó ń payín keke, ẹnu ò ṣeé là. Nígbà tí àkókò Meloxicam, oògùn ìrora olómi tí dókítà wọ̀n fún un, tó, a fún un. Kò pẹ́ púpọ̀, ó na ara, ó sì fúnra rẹ̀ lọ já yúnyun tí mo kó síwájú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni sìríńjì ti di àfikún. Ewé kúkúndùnkún àti koríko tútù ló jẹ jù, ìgbẹ́ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí róbótó. Ìyẹ̀fun kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn ìrora. Dókítà ni kó wọn oògùn náà o, ẹ má fojú bù ú.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí pé mo mọ ìwà wa. Ẹnìkan ti fẹ́ bá mi já ampiclox dà sí ojú egbò. Ẹ má ṣe é! Ehoro á lá a, ampicillin sì wà nínú ampiclox; amoxicillin àti ampicillin tó bá gba ẹnu wọlé máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ fún un dípò lẹ́búlẹ́bú igi sọ́míìlì, kí ẹ máa wo ojú egbò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ike ọrùn tí wọ́n ń fi sí ajá, dókítà ní ká má fi sí i àfi bó bá ń já òwú tí wọ́n fi rán ojú egbò, torí ehoro gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ba kó jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀; oúnjẹ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi ló bá mi fi páálí tèmi ránṣẹ́ láti Èkó. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.