V-boot 1992 tí mò ń wà n'Ìbàdàn

Ẹ máa pè é ní mọ́tò àwọn bàbá wa o, kò kàn mí, Bẹ́ńsì V-boot tí mò ń wà yìí, W124 (orúkọ tí ilé iṣẹ́ Bẹ́ńsì fún irú ẹ̀) ọdún 1992 láti Jámánì, mi ò lè fi pààrọ̀ tòkúnbọ̀ kékeré kankan tó kàn ń dán lásán. Ilẹ̀kùn ẹ̀ nìkan tó ọ̀rọ̀: ẹ ò ní gbá a rárá, ẹ kàn rọra tì í, á dún "gbì", gbogbo ariwo Mọ́kọ́lá á sì kù síta. Tójò bá wá ń rọ̀, wáípà kan ṣoṣo ló ní níwájú, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń nà dé kọ̀rọ̀ gíláàsì méjèèjì tó tún ń sún kì padà, àwọn ọmọ mi máa ń wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n ni. Kòtò ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ ńkọ́? Ó ń gbé wọn mì ni, ẹ̀yìn ò ní ro yín. AC náà ṣì tutù nini.

Ó ń mu epo ṣá, mi ò ní parọ́, pàápàá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road. Páàtì ẹ̀ pọ̀ ní Gate, àmọ́ ẹ mú mẹkáníìkì yín dání o, ẹnì kan ti ta ṣọ́ọ̀kì ayédèrú fún mi rí, ojú mi rí nǹkan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ yẹ àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1993 sí 1995 wò dáadáa, rọ́bà ara wáyà ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ tó bá pẹ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti pààrọ̀ ẹ̀.